Bí Má-kánjú Ṣe Yọ Ohùn Kúrò Nínú Fídíò Ìyá Alágbàfọ̀

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí Má-kánjú jẹ́, ibi iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ wò kí ó tó wo ojú rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù náà kò gùn ju ìṣísẹ̀ mẹ́fà lọ, ṣùgbọ́n ohun gbogbo inú rẹ̀ ló mọ àyè ara rẹ̀: kọ̀ǹpútà kan tí ó ti dàgbà ṣùgbọ́n tí eruku kò gbọdọ̀ bà lé, àpótí onípele mẹ́rin tí okùn iná wà ní ìpele kìíní, káàdì mẹ́mórì ní ìkejì, bátìrì ní ìkẹta, tí ìkẹrin sì ṣófo nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti máa ń wí, kò sí ilé tí kì í gba àlejò; ìwé àkọsílẹ̀ kan tí a fi òwú so pẹ́ńsù mọ́, àga mẹ́ta, èyí tí ó mì nínú wọn sì dojú kọ ògiri kí ẹnikẹ́ni má baà jókòó lé e. Apá kejì ṣọ́ọ̀bù náà jẹ́ ti ìyàwó rẹ̀, tí í ṣe aránṣọ. Obìnrin náà a máa rán aṣọ, a sì máa bá ọkọ rẹ̀ jiyàn, láìgbé abẹ́rẹ́ tí ó fi eyín há sílẹ̀.

Iṣẹ́ Má-kánjú ni kí ó máa yí fídíò padà. Ní àkókò náà, fóònù olójú gbọọrọ kò tíì kárí ayé. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ mùtúmùwà ni ẹ̀rọ fídíò pẹlẹbẹ kan, olówó pọ́ọ́kú, tí ojú rẹ̀ kò fẹ̀ ju ìka mẹ́ta lọ. Ẹ̀rọ yìí rọrùn láti mú rìn, àmọ́ aṣàyànjẹ ni. Fídíò tí kọ̀ǹpútà ń jẹ tí ó ń yó, kò ní fẹnu kàn án. Àfi kí a sọ àwòrán rẹ̀ di kékeré, kí a dín iye àwòrán tí ń sáré kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan kù sí méjìlá, kí a fún ohùn náà pọ̀, kí a sì wá di gbogbo rẹ̀ sínú irú àpò kan ṣoṣo tí ẹ̀rọ náà mọ̀. Bí ẹrù bá pọ̀ jù, ẹ̀rọ a dákú. Bí a bá sì kánjú dì í, ẹnu ẹni tí ń sọ̀rọ̀ a ti pa dé kí ohùn rẹ̀ tó jáde.

Èyí tí ó gbẹ̀yìn yìí ni Má-kánjú kórìíra jù lọ. Ohùn tí kò bá ẹnu rìn, ó ní, ọmọ tí kò mọ bàbá rẹ̀ ni. Nítorí rẹ̀ ni ó ṣe fi òfin mẹ́ta lélẹ̀, tí ó kọ wọ́n sára páálí, tí ó sì gbé e kọ́ sí òkè ẹnu ọ̀nà. Èkíní: mú ẹ̀rọ tìrẹ wá, má ṣe mú ti ẹ̀gbọ́n rẹ. Èkejì: iṣẹ́ tí mi ò bá tíì wò, tí mi ò sì tíì gbọ́ lórí ẹ̀rọ rẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò ní kúrò níbí. Ẹ̀kẹta: bí o bá ń kánjú, ṣọ́ọ̀bù tó kàn nìyẹn.

Kíá, atún-fóònù-ṣe tí í máa yí fídíò padà pẹ̀lú, ló ni ṣọ́ọ̀bù tó kàn. Ọkùnrin náà kò tó ẹni ọgbọ̀n ọdún, ẹnu rẹ̀ sì yá ju ọwọ́ rẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ kò lọ́ra.

"Ẹ̀gbọ́n," ni yóò kígbe láti ẹ̀yìn ògiri, "fídíò ìgbéyàwó yẹn, kí ẹ tó wò ó tán, ìyàwó á ti bí ìkejì!"

"Yóò dára bẹ́ẹ̀," ni Má-kánjú yóò dá a lóhùn. "Àwọn ọmọ á rí i wò, ẹ̀jẹ́ bàbá wọn á sì ti ẹnu bàbá wọn jáde, kò ní ti ẹnu ẹṣin jáde bí ó ti rí nínú èyí tí ìwọ ṣe."

Ní ọjọ́ Ajé kan, lẹ́yìn ọ̀sán, Ìyá Alágbàfọ̀ fi ọ̀pá tilẹ̀ wọlé. Ó ti lé ní ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin. Ó ti fọ aṣọ ìdajì àdúgbò náà kí ìbàdí rẹ̀ tó kọṣẹ́ sílẹ̀ fún un.

"Ẹ káàsán, mà. Ẹ jókòó."

"Bí mo bá jókòó, ta ló máa fà mí dìde? Jẹ́ kí n dúró." Ohùn ìyá náà le bí ohùn ẹni tí ń pe ènìyàn láti òdìkejì odò. Ó tú áńkáṣíìfù funfun kan sórí tábìlì: ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan, okùn iná rẹ̀, àti káàdì kékeré kan. "Ọmọ mi obìnrin ló wà nínú káàdì yẹn. Alásè ni nínú ọkọ̀ ojú omi, wọn ò ní tètè dé èbúté. Lọ́jọ́bọ̀ ni wọ́n fẹ́ la ìbàdí mi kí wọ́n fi irin sí i. Fi ọmọ mi sínú ẹ̀rọ yìí, kí ó bá mi lọ sí ọsibítù. Bí kò bá lọ, èmi náà ò lọ."

"Háà, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, mà. Dókítà ti mú ọjọ́."

"Ìbàdí dókítà ni, àbí tèmi?"

Má-kánjú rẹ́rìn-ín, ó yí ojú sí kọ̀ǹpútà, ó sì béèrè bóyá ìyá ń fẹ́ kí ohùn náà lọ sókè dáadáa. Ìyá kò fèsì. Ó tún béèrè. Aṣọ tí ìyàwó rẹ̀ ń rán ni ìyá ń wò bí ẹni pé kò sẹ́ni tí ó sọ̀rọ̀. Má-kánjú wí fún ọkàn ara rẹ̀ pé àgbà míràn a máa gbéra ga, ó sì fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

Nígbà tí ìyá lọ tán, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Fídíò náà gùn tó ìṣẹ́jú méjìdínlógún. Ilé ìdáná inú ọkọ̀ ni ọmọ náà dúró sí. Ó fi fóònù ti orí pẹpẹ kan, ó sì ń sọ̀rọ̀ lọ bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Ìkòkò ńlá-ńlá wà lápá òsì rẹ̀, fèrèsé róbótó kan wà lẹ́yìn rẹ̀, òkun sì ń gòkè ó ń sọ̀ nínú fèrèsé náà. Ọmọ náà ń ya ẹnu gan-an, ó sì ń fara balẹ̀ pe ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Má-kánjú gbà pé ariwo ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ó tẹ́tí sí i dé òpin, ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín níbì kan tí ọmọ náà kọjú sí iná ìdáná, tí ó ń bá ìyá rẹ̀ ṣe àwàdà. Lẹ́yìn náà ni ó yọ ariwo ẹ́ńjìnnì kúrò, ó yọ ti ọmọrí ìkòkò, ó yọ ti afẹ́fẹ́, títí ohùn ọmọ náà fi mọ́ gaara bí omi inú gíláàsì. Kò gé àwòrán náà rárá, nítorí pé òkun náà wù ú. Ó wò ó lẹ́ẹ̀mejì lórí ẹ̀rọ ìyá. Ẹnu bá ohùn rìn. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìyá dé ní agogo mẹ́rin géérégé. Má-kánjú gbé ẹ̀rọ náà lé e lọ́wọ́, ó fi íàpíìsì sí i létí, ó sì tẹ bọ́tìnnì. Ìyá yọ íàpíìsì náà sílẹ̀ bí ẹni yọ okùn lára aṣọ. Ó gbé ẹ̀rọ náà súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó tún gbé e súnmọ́. Ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́.

"Kò sọ nǹkan kan," ni ó wí.

"Ó ń sọ̀rọ̀, mà!" Má-kánjú fa okùn íàpíìsì yọ kúrò lára ẹ̀rọ, ó tẹ ohùn sókè. Ohùn ọmọ náà gba inú ṣọ́ọ̀bù kan.

"Mo ní kò sọ nǹkan kan. Ó kàn ń fò bí eèrà lórí iná ni."

Kíá ti yọjú. "Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ méjì gbáko! Tó bá jẹ́ èmi ni, ìṣẹ́jú márùn-ún ni ǹ bá fi bà á jẹ́."

Inú bí Má-kánjú. Ó kọ ẹ̀yìn sí ìyá, ó ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun ò mọ ohun tí àwọn oníbàárà mìíràn tún ń fẹ́, pé ohùn tó mọ́ báyìí, ẹni tó bá ní kò dára, etí rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n yẹ̀ wò. Ìyàwó rẹ̀, tí ó dojú kọ ìyá, ló rí i pé ìyá ń wo ẹ̀yìn ọkọ òun bí ẹni ń wo ìlẹ̀kùn tí a tì. Ó yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu.

"Bàbá ilé, dákẹ́ ná. Yíjú sí wọn."

Ó yíjú. Ìyá wo ẹnu rẹ̀.

"Kí lo ń sọ fún ògiri?" ni ìyá béèrè. "Ojú lọ̀rọ̀ wà, ọmọ mi. Lójú tèmi, ibẹ̀ nìkan ló wà. Etí mi ti kú láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Mo rò pé gbogbo àdúgbò ló mọ̀."

Gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Má-kánjú nìkan ni kò mọ̀, nítorí pé òun ni í máa fọ aṣọ ara rẹ̀, kò gbà pé ẹlòmíràn lè mú un mọ́ tó. Ìyàwó rẹ̀ pàápàá ti rò pé ó mọ̀. Òun tí ó ń fi ohùn yangàn láti ọdún yìí wá, etí tí ó ti tì ni ó gbé ohùn tó mọ́ gaara lọ bá.

Ìyá gbà láti jókòó wàyí, ó sì ṣàlàyé. Àìsàn ibà líle kan ló mú etí rẹ̀ lọ. Ọjọ́ tí ó lajú ní ọsibítù nígbà náà, àwọn tí ó yí i ká ló fi aṣọ bo ẹnu. Ó rí ojú tí ń ṣẹ́, ó rí aṣọ tí ń mì, kò gbọ́ ohun kan, kò sì rí ètè kan tí ó lè kà. Ó rò pé òun ti dé ibi tí kò sí ẹlẹ́nu. Ẹ̀rù ọjọ́ náà kò tíì kúrò lára rẹ̀. Ìwé kò yé e kọjá orúkọ ara rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ yìí nìkan ló máa ń tẹ̀ lé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, tí ó ń tún ọ̀rọ̀ wọn sọ fún un ní ojúkoojú.

"Ọmọ mi ní òun ti sọ gbogbo bí yóò ṣe rí sínú káàdì yẹn. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ojú rẹ̀ lọ́wọ́ mi tí n lè máa wò kí wọ́n tó gbé mi wọlé, kí wọ́n tọ́jú irin wọn. N óò máa fi ọ̀pá rìn."

Má-kánjú gbé fídíò náà sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Níbẹ̀ ni ó ti rí ohun tí kò rí rí. Ìyá tẹjú mọ́ ọn, ó ń mi orí, ó ń dá ọmọ rẹ̀ lóhùn: "Bẹ́ẹ̀ ni... mo ti dì í... rárá, èyí aláwọ̀ búlúù ni..." Nígbà tí ọmọ náà kọjú sí iná, ìyá ká ọwọ́ lẹ́rán, ó ń dúró bí ẹni ń dúró kí òjò dá, nígbà tí ó tún yíjú padà, ìyá tún bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí.

"Kí ni mo ní láti ṣe, mà?" ni Má-kánjú béèrè, ó sì mú pẹ́ńsù.

Ìyá kọ́ ọ bí olùkọ́ ti ń kọ́ ọmọ iléèwé. "Òkun yẹn, yọ ọ́. Ìkòkò, yọ ọ́. Kí ojú rẹ̀ kún ojú ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n má gé e dé ètè o. Ètè nìkan ń purọ́. 'Igba' àti 'igbá,' bákan náà ni ètè ń pè wọ́n. Ọ̀fun ló ń fi hàn mí bóyá ohùn gòkè tàbí ó sọ̀. Ìpéǹpéjú ló ń sọ bóyá òótọ́ ni tàbí àwàdà. Iwájú orí títí dé kòtò ọ̀fun, má fọwọ́ kan ibẹ̀. Kó má sì máa fò mọ́. Bí ó bá fò, ó ti gbé ọ̀rọ̀ mì."

"Ọ̀la, agogo mẹ́rin, mà."

"Ọ̀la náà ló kù," ni ìyá wí, ó sì fa ara rẹ̀ dìde.

Ohun tí ó fa fífò náà kò ṣòro fún Má-kánjú láti mọ̀: àwòrán méjìlá kò tó ètè. Ètè ń fẹ́ ogún. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kékeré náà kò lè gbé ogún pẹ̀lú ohùn, yóò dákú. Ohun kan ṣoṣo ló lè bọ́ sílẹ̀ kí àyè lè wà. Ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà fún ìgbà díẹ̀, ó ń gbọ́ ohùn tí ó fi gbogbo ọjọ́ kan fọ̀ mọ́ náà. Lẹ́yìn náà ni ó yọ ohùn náà kúrò pátápátá, ó sì fi àyè rẹ̀ fún ojú.

Láti òwúrọ̀ ọjọ́rú ni ó ti ń gé ojú ọmọ náà jáde. Nítorí pé ọmọ náà ń rìn lọ rìn bọ̀, ó di dandan kí ó máa tẹ̀ lé e: ó gé fídíò náà sí ọ̀nà mọ́kànlélógójì, ó wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan láti iwájú orí dé kòtò ọ̀fun, ó sì tún so wọ́n pọ̀. Láti dán ojú ara rẹ̀ wò, ó fi ìka di etí, ó ní kí ìyàwó òun bá òun sọ̀rọ̀.

"Kí ni mo wí?" ni obìnrin náà béèrè nígbà tí ó ṣí etí.

"O ní kí n gbé omi wá."

"Mo ní o jọ àgbò tó ń wo dígí."

Ìgbà yẹn ni ó túbọ̀ mọ irú iṣẹ́ tí ojú ìyá náà ń ṣe láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Nígbà tí ó dé ọ̀nà kẹtàdínlọ́gbọ̀n, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ibẹ̀ ni ọmọ náà ti kọjú sí iná. Kò sí ojú tí a lè gé; ẹ̀yìn orí àti gèlè nìkan ló wà. Má-kánjú rántí bí ìyá ti ká ọwọ́ lẹ́rán. Ìyá rò pé ọmọ òun dákẹ́ kí ó lè ro ọbẹ̀ ni. Ọmọ náà, ẹ̀wẹ̀, tí iná fẹ́ jó nǹkan mọ́ ọn lọ́wọ́, gbàgbé pé ẹ̀yìn kì í sọ̀rọ̀ fún ìyá òun. Nínú gbogbo ayé, Má-kánjú nìkan ló gbọ́ ohun tí ó sọ níbẹ̀, nítorí pé òun nìkan ló tẹ́tí sí i dé òpin. Ó padà sí ojúlówó fídíò tí ohùn wà nínú rẹ̀, ó sì kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, kò fi ẹyọ kan sílẹ̀. Ó kà á fún ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ohun tó ń wá gan-an nìyẹn! O ní láti sọ fún un."

"Bí mo bá sọ ọ́, á ní mo fẹ́ tu òun nínú ni. Inú fídíò ló yẹ kó wà, ní àyè rẹ̀, kí ó lè máa wò ó níbẹ̀ lọ́la. Ó ń fẹ́ ojú obìnrin, àti ètè tó já gaara." Ó wò ó. "Tìrẹ ńkọ́?"

"Èmi? Kí n máa pe ìyá oníyàá ní màmá mi?"

"Ọdún méjìlélógún ni o ti fi abẹ́rẹ́ sẹ́nu bá mi jà, mi ò ṣì ọ́ gbọ́ rí."

Kíá ló gbé fóònù tó ní kámẹ́rà tó dára jù wá. Ó dì í mú fún ìgbà mẹ́jọ, nítorí pé Má-kánjú kọ èkíní fún ìkánjú, ó kọ èkejì nítorí ìmọ́lẹ̀, ó kọ ẹ̀kẹta nítorí pé ọrùn aṣọ bo kòtò ọ̀fun. Ìwọ̀nba ni Má-kánjú sọ nípa àwọn tí ó tẹ̀ lé e.

"Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ mi fẹ́ já."

"Dì í mú. Ìyá kan ń lọ fún iṣẹ́ abẹ lọ́la."

Kíá fi ọwọ́ kejì ti ọwọ́ náà ró.

Ní agogo mẹ́rin, ìyá jókòó, ó gba ẹ̀rọ náà. Má-kánjú kò rí ohun tí yóò gbọ́. Kò sí ohùn tí yóò fi mọ̀ bóyá iṣẹ́ dára. Ojú ìyá ló ń wò. Ìṣẹ́jú kan kọjá. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí. "Bẹ́ẹ̀ ni," ni ó wí. "Aláwọ̀ búlúù ni, mo ti sọ fún ọ."

Nígbà tí ó tó ìṣẹ́jú kọkànlá, ìyá yára gbé ojú sókè, ó wo aránṣọ, ó tún wo ẹ̀rọ. "Ìwọ ha nìyí? Kí lo ń wá nínú ilé ìdáná ọmọ mi?"

"Ẹ̀yìn ni ọmọ yín kọ, mà," ni obìnrin náà wí, ó ń fi ẹnu rẹ̀ hàn dáadáa. "Ó ń sọ̀rọ̀, ẹ ò lè rí i. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni mo ń sọ. Ẹ padà sẹ́yìn, kí ẹ wò ó."

Ìyá padà sẹ́yìn. Lórí ojú ẹ̀rọ tí kò ju ìka mẹ́ta lọ, ètè aránṣọ ń sọ pé: "Màmá, mo ti bá ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Bí wọ́n bá ti bo ẹnu, ẹ má wo ojú wọn mọ́. Ọwọ́ ọ̀tún yín ni kí ẹ fọkàn sí, òun ni yóò dì í mú. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ má mira. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ti parí, kò sí ewu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bù ú jẹ bí ẹ ṣe bu ti ọjọ́sí jẹ o."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu ìyá, ẹ̀rín tó le débi pé ẹ̀rọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó sọ ìyẹn? Ó sọ ìyẹn fún ẹ̀yin àlejò? Ọmọ burúkú! Èmi àti òun nìkan la mọ̀ ọ́n!" Ó nu ojú. "Lọ́rùn ọwọ́ ni mo ti bu nọ́ọ̀sì yẹn jẹ. Ẹ̀rù ló bà mí. Ta ni kò ní bunijẹ níbi tí kò ti sí ẹlẹ́nu?"

Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, láìrẹ́rìn-ín. Bí ètè ti ń sọ ọ́ ni ó ń fi àtàǹpàkò òsì tẹ àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún rẹ̀: ẹ̀ẹ̀kan, ó dúró, ẹ̀ẹ̀mejì, ó mí kanlẹ̀. Má-kánjú ń wò ó, ọwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn, kò sì béèrè bóyá iṣẹ́ náà dára.

"Mo ti gbọ́," ni ìyá wí fún ojú kékeré tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, pẹ̀lú ohùn líle rẹ̀ tí gbogbo òpópónà gbọ́. "Yíjú sí iná rẹ, kí ọbẹ̀ má jóná."

Lẹ́yìn náà ni ó na ẹ̀rọ náà sí aránṣọ.

"Rán àpò kékeré sí i fún mi, pẹ̀lú okùn tí mo lè gbé kọ́ ọrùn. Ṣe é kó lágbára. Agogo méje òwúrọ̀ ọ̀la ni wọ́n ní kí n dé."